Ìyàwó Tuntun ní Ìlú Tẹ́tẹ́

Nígbà tí wọ́n mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ mi ní Kétu, ìyá ọkọ mi ló fọ ẹsẹ̀ mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyàwó tuntun. Wọ́n da omi sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n ṣàdúrà ọmọ. Nígbà tó kan ẹsẹ̀ òsì, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ìyàwó mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kí ọmọ mi fọwọ́ kan tẹ́tẹ́ láéláé. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́, ma. Orin tí àwọn ìyàwó ilé ń kọ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ni bàbá ọkọ mi. Apá Ọ̀yọ́ ló ti wá sí Kétu, gbogbo àdúgbò ló sì ń yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àmọ́ nígbà náà, àwọn ilé ọtí máa ń gbé kalokalo sílé, ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tí èèyàn ń sọ owó sí, tí yóò sì fa apá rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ló gba ọkùnrin náà lọ́wọ́ ìyàwó àti ọmọ. Ó ta ayùn, ó ta ìfági. Lọ́jọ́ kan tí ìyá ọkọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ta máṣíìnì tí wọ́n fi ń ránṣọ, èyí tí gbogbo ilé fi ń jẹun. Àìsàn ló pa á nígbẹ̀yìn, ọkọ mi kò sì tíì pé ogún ọdún nígbà náà.

Nítorí èyí, ọkọ mi kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì ráfù, ìbáà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ bá ń dá owó lé bọ́ọ̀lù, yóò dìde kúrò níbẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹnu mi kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ló wà lára mi. Mi ò fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀." Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Wàyí o, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fún wa ní ẹ̀bùn ìgbéyàwó. GSM kò tíì pẹ́ nílùú nígbà náà, gbogbo ẹbí tèmi ló pé jọ yí fóònù kan ká láti gbọ́ ọ: tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú méjì, àti òru mẹ́rin ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Las Vegas. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ohunkóhun nípa bàbá ọkọ mi. Iná aláràbarà àti omi tó ń jó sókè ló rí tó fi yan ibẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn débi pé mi ò lè sọ fún un pé ọkọ mi kì í sún mọ́ tẹ́tẹ́.

Ọkọ mi rò ó fún ọjọ́ méjì. Ó wá ní, "Ṣebí ilé kalokalo ní ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọlé, á kọjá lọ." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí ní Kétu nìyẹn. A sọ fún ìyá ọkọ mi pé Amẹ́ríkà la ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi ló sanwó ọkọ̀. Kì í ṣe irọ́, a kàn gé e kúrú ni.

Àṣé a ò mọ nǹkan kan. Bí ilẹ̀kùn hòtẹ́ẹ̀lì náà ṣe ṣí, àárín kalokalo la bọ́ sí. Kalokalo dúró sórí ìlà bí akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlà ìwọ́de, iná ń tàn lórí wọn, agogo ń dún lára wọn. Kọ́ńtà tí a ti fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yìn wọn ló wà. Líìfùtì, ẹ̀yìn wọn. Ibi oúnjẹ, ẹ̀yìn wọn. Kò sí ọ̀nà mìíràn, a sì béèrè. Ọkọ mi dojú kọ ilẹ̀, ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń fà á lọ bí ẹni ń mú afọ́jú kọjá ní Ikorodu Road. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ọjọ́ ìgbéyàwó lọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é fún ọjọ́ méjì. A ó kọjá kíá, a ó jáde síta, a ó wo omi tó ń jó, a ó padà wá jókòó ní yàrá, a ó máa rẹ́rìn-ín. Mo ń yin ara mi nínú pé ìyá ọkọ mi fi ọmọ rẹ̀ lé ẹni tó ṣeé fọkàn tán lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, orí ń fọ́ ọkọ mi. Mo ní kí ó sùn, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ra omi. Ìyá òyìnbó arúgbó kan, tó jókòó nínú àga onítáyà níwájú kalokalo kan, rí òrùka mi. Ó béèrè bóyá ìyàwó tuntun ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìyàwó tuntun máa ń mú oríire wá, ó sì na owó ẹyọ kan sí mi.

Ta ló kọ́ mi pé kí n kọ ohun tí àgbà bá fún mi? Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Màmá náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń nawọ́ sí ẹ̀rọ pé kí n sọ ọ́ sí i. Ó dà bí ìwà àìmoore pé kí n fi í sápò. Mo sọ ọ́ sí i, mo fa apá ẹ̀rọ náà.

Owó ya! Ó ń dún wàràwàrà, iná ń tàn, màmá náà ń pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Ó dùn bí ẹni pé gbogbo ayé mọ̀ mí. Mo jókòó. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré sí i. Màmá náà lọ, mi ò mọ ìgbà tó lọ. Owó tí mo jẹ tán, mo ṣí pọ́ọ̀sì mi. Omi tí mo wá rà, mi ò rántí. Orí tó ń fọ́ ọkọ mi, mi ò rántí. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, àṣé ata ló fi sẹ́nu.

Ọkọ mi ló wá mi kàn. Ó ti gba àárín gbogbo ẹ̀rọ yẹn kọjá, òun nìkan, ó gbójú sókè, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan torí pé ó ń wá mi. Mo rí i, mi ò sì dìde. Mo ní, "Dúró ná, ó ti fẹ́ bọ́."

Ojú rẹ̀ yí padà. Mo rò pé yóò jágbe mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó lóṣòó tì mí, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé, "Jẹ́ ká lọ jẹun." Ó wá ní, "Ohun tí Mummy máa ń ní kí n lọ sọ fún Daddy nìyẹn. Kí n má bínú, kí n kàn ní kí wọ́n wá jẹun." Ẹkún gbọ̀n mí jìgìjìgì níbẹ̀. Kò bá mi wí títí a fi kúrò nílùú náà.

A padà sí Kétu. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, a lọ kí ìyá ọkọ mi. Wọ́n ti gbọ́ pé Las Vegas la lọ, ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì sì ti sọ irú ìlú tó jẹ́ fún wọn. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí a jókòó dáadáa kí wọ́n tó béèrè. Ọkọ mi ní, "Mummy, mi ò fọwọ́ kàn án." Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú, omi lé ròrò lójú wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, o ṣeun. O bá mi ṣọ́ ọ." Ọkọ mi ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n gbà á bẹ́ẹ̀.

Mi ò lè gbà á. Mo kúnlẹ̀. "Mummy, ẹ má bínú. Èmi ni mo ta tẹ́tẹ́."

Wọn ò já ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá béèrè pé, "Ṣé ó dùn?"

Mo ní, "Ó dùn, ma. Ó dùn débi pé mi ò rántí ẹnikẹ́ni."

"O ò rántí ọkọ ẹ?"

"Mi ò rántí wọn, ma."

"O sì fẹ́ràn ẹ̀."

"Mo fẹ́ràn wọn gan-an, Mummy."

Wọ́n fi ọwọ́ kan nu omi ojú wọn. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn, bàbá ọkọ ẹ, máa ń sọ fún mi pé òun fẹ́ràn wa. Mo ní irọ́ ló ń pa. Orí ibùsùn àìsàn ló ti sọ ọ́ kẹ́yìn, ohun tí mo sì fi dá a lóhùn náà nìyẹn."