Ìwé Àyẹ̀wò Méjì Tí Mo Dá Kà

Bí mo ṣe fẹ́ tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni nǹkan ta mí lójú ara bí ẹni pé ata kán sí egbò. Láti ìjẹta ni ibẹ̀ ti ń yún mi, mo sì ti di ẹ̀bi rẹ̀ ru pátá tuntun tí mo rà. Nígbà tí mo wò ó dáadáa ní balùwẹ̀ ilé tí mo háyà ní Muṣin, mo rí ìléróró kéékèèké tó kóra jọ sójú kan, omi wà nínú wọn. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ti bẹ́ di egbò. Ara mi gbóná, kókó yọ sí mi lókè itan, mo sì ń sá fún omi mímu torí kí n má baà tọ̀.

Kí n má purọ́, kì í ṣe àìsàn ni mo kọ́kọ́ rò. Fẹ́mi ni mo rò. Fẹ́mi ni ọkùnrin tí Dúpẹ́, àfẹ́sọ́nà mi, ń fẹ́ kí n tó dé, Ìbàdàn ló ń gbé. Dúpẹ́ jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Sùúrùlérè, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì ní Ìbàdàn kan náà. Ọjọ́ kejì tó dé ni a sùn pọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo ka àwọn ọjọ́ náà lórí ìka, mo tún wọn kà, Ìbàdàn ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Oṣù méjì péré ló kù kí àwọn ará ilé mi lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wọn.

Òjòwú ni mí, ó ti pẹ́. Bí Dúpẹ́ bá rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ta búrẹ́dì fún un, mo máa ń fẹ́ mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Yábàá ni mo lọ. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ìbálòpọ̀, nítòsí ibi tí wọ́n ń fọ aṣọ, ẹnikẹ́ni tó bá ti yà sọ́nà yẹn ti fi ara rẹ̀ hàn. Lórí bẹ́ńṣì ni mo ti rí ọkùnrin kan tó ń ta táyà ní Ládìpọ̀, níbi tí èmi náà ti ń ta ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀. Ó wo òkè, mo wo ilẹ̀. Títí dòní a kò tíì bá ara wa sọ ọ́.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin tó ti ń hewú. Ó wo egbò náà, ó ní hápíìsì ni. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń fà á. Ó máa ń ràn nígbà tí ara bá kan ara, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́. Bí egbò bá jinná, kòkòrò náà kò kúrò. Ó lọ sùn sínú iṣan, ó sì lè jí lọ́jọ́ tí ara bá rẹ ènìyàn. Oògùn lè mú kí egbò tètè gbẹ, ṣùgbọ́n kò lè lé e jáde. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní kí Dúpẹ́ náà wá. Ìgbà yẹn ni rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pariwo Éèdì, wọ́n yẹ̀ wá wò fún ìyẹn náà, wọn kò sì rí i lára wa.

Dúpẹ́ gbà láti wá láìjiyàn. Mo ní ẹni tó mọ ohun tó ṣe nìkan ló ń gbà báyẹn. Ká ní ó kọ̀ ni, ohun kan náà ni ǹ bá sọ.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí. Nígbà tí èsì dé, akọ̀wé fún mi ní àpòòwé méjì tí wọ́n lẹ̀ pa, pé kí n gbé wọn tọ dókítà lọ. Mo já wọn lórí ìdúró. Tèmi, nẹ́gétífù. Tirẹ̀, pọ́sítífù. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, bí o bá gbé ṣọ́ọ̀kì wá, mo lè wò ó kí n sọ bó ti pẹ́ tó lábẹ́ ọkọ̀. Mo rò pé ìwé ẹ̀jẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ gbàgbé pé èmi gan-an ni mo ń tiro nítorí egbò. N kò dé ọ̀dọ̀ dókítà mọ́. Ìwáyà ni mo gbà lọ, sílé Ẹ̀gbọ́n Rótìmí, tí Dúpẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," mo ní, mo gbé ìwé náà kalẹ̀ lórí tábìlì. "Ẹ bá mi bi àbúrò yín ẹni tó lọ bá ní Ìbàdàn."

Ẹ̀gbọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Lékan, kí ni dókítà sọ?"

"Kí ló tún kù tí dókítà fẹ́ sọ, Ẹ̀gbọ́n? Pọ́sítífù rèé."

Dúpẹ́, tó ti inú yàrá jáde sí wa, kò pariwo. "Mi ò rí Fẹ́mi sójú. Ibà ló ń ṣe mí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kejì. Ìwọ náà ṣáà rí ẹnu mi nígbà tí mo dé."

"Ta ló dárúkọ Fẹ́mi?" Orúkọ yẹn nìkan ni mo gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó bọ́ òrùka tí mo fún un, ó gbé e lé orí ìwé náà. "Kó méjèèjì lọ."

Bí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ṣe fọ́ nìyẹn. Egbò mi jinná lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Owú mi kò jinná. Mo máa ń dúró sí ṣọ́ọ̀bù, kí n máa rò pé Dúpẹ́ àti Fẹ́mi jókòó síbì kan, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo padà lọ fún àyẹ̀wò Éèdì ẹlẹ́ẹ̀kejì, dókítà sì tún ti hápíìsì ṣe. Éèdì kò sí. Hápíìsì tèmi ti di pọ́sítífù. Mo kó ìwé àtijọ́ jáde láti inú àpò mi, torí mo ń mú wọn káàkiri. Ó wò wọ́n, ó wò mí.

"Ta ló túmọ̀ ìwọ̀nyí fún yín?"

Mo ní èmi fúnra mi ni.

Ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀, ọmọ ogun tí ara kó jọ láti bá a jà ló ń wá, àwọn yẹn sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn oṣù, kí wọ́n tó pé. Tèmi kò tíì pé nígbà àkọ́kọ́ torí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Tirẹ̀ ti pé, èyí tó fi hàn pé ó ti pẹ́ lára rẹ̀, ó tiẹ̀ lè jẹ́ láti kékeré. Ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ ọdún tó wọlé, kò lè sọ ẹni tó ti wá, kò sì lè sọ bóyá ẹnu ló wà tàbí abẹ́. Ó wá béèrè bóyá ìléróró máa ń yọ sí Dúpẹ́ lẹ́nu.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí Dúpẹ́ sọ ní Ìwáyà. Nígbà tó ti Ìbàdàn dé, ìléróró wà ní ètè rẹ̀. Gbogbo wa la máa ń sọ pé ibà ló ń jáde bẹ́ẹ̀, pé ara ti ń yá nìyẹn. Èmi gan-an ni mo kí i kú ewu. Hápíìsì ni, ibà kàn jí i ni. Ẹnu tó ní egbò lè kó o ràn abẹ́, bí ẹnu bá dé ibẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dé ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí a sùn pọ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Rótìmí ní ẹnu ọ̀nà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Dúpẹ́, mo ní ẹ̀jẹ̀ ti dá a láre.

"Ká ní ẹ̀jẹ̀ ò rí nǹkan kan sọ ńkọ́?" ó ní. "Ṣé ẹnu tèmi ì bá tó?"

Ó gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó gba òrùka náà padà, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ló ń wò lójú mi ní gbogbo àkókò náà.

A ti ṣègbéyàwó báyìí, a ti bímọ. Bí ibẹ̀ bá ti ń yún mi, kí egbò tó yọ, a ò ní súnmọ́ ara wa títí yóò fi gbẹ. Kòkòrò náà lè ràn nígbà tí egbò kò sí pàápàá, rọ́bà sì ń dín ewu rẹ̀ kù ni, kò mú un kúrò pátápátá. Bí ìléróró bá yọ sí Dúpẹ́ létè, kì í fẹnu ko ọmọ wa lẹ́nu, torí ó léwu fún ìkókó. Ìwọ tó di irú ìwé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ mú, jọ̀ọ́, má já a kí o tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi tó ń jinná ní gbogbo ìgbà láìbá mi bínú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ ọkùnrin tuntun kan ní ilé ẹ̀kọ́ wọn bá a gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu géètì wa. Mo wọlé, mo jókòó, mo fajú ro. Dúpẹ́ gbé oúnjẹ síwájú mi, ó tẹjú mọ́ mi.

"Lékan, èwo ló tún yọ lónìí? Ṣé egbò ni àbí owú?"