Ládàánì Tó Ń Wo Ọ̀gá Ìjì

Síkírù, ẹni tó ń gẹrun fún wa lẹ́yìn ọjà Ojúwòyè ní Mushin, kò ra tẹlifíṣọ̀n nítorí ara rẹ̀. Nítorí àwọn oníbàárà ló ṣe rà á, kí wọ́n lè rí nǹkan wò bí wọ́n bá ń dúró de ẹni tó wà lórí àga. Òun fúnra rẹ̀ kò rójú eré. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó ní ìyàwó, ó ní irùngbọ̀n, òun sì ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ohùn rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́, òun náà la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ṣú. Nígbà ààwẹ̀, gbogbo ojúlé ni yóò gbé ife omi dání, tí wọn yóò máa retí ìpèrun Síkírù kí wọ́n tó fi kan ẹnu. Bàbá rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà kó tó kú, Síkírù sì fẹ́ràn rẹ̀ ju abẹ ìfárí rẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì kan ni kátúùnù kan bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n náà. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi aṣọ bojú, tó ń fi ìjì jà. Orúkọ òyìnbó tí wọ́n sọ ọ́ gùn, kò sì yí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, làwọn ọmọ àdúgbò bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ìjì. Lọ́sàn-án, akọ̀wé lásán ni Ọ̀gá Ìjì ní ilé iṣẹ́ rélùwéè. Ṣùgbọ́n bí fèrè ìlú bá ti dún pé ewu dé, á fi ohun yòówù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ oúnjẹ, ìbáà jẹ́ àfẹ́sọ́nà, á sá lọ. Ìyá rẹ̀ á ní ọ̀lẹ ni. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ á ní kò ṣeé gbára lé.

Síkírù wo èyí, abẹ dúró sí i lọ́wọ́. Ta ni yóò tún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un? Òun tó ti fi orí olórí sílẹ̀ ní ìlàjì, àìmọye ìgbà, tó sáré lọ pe ìrun, tí oníbàárà ń bú u bọ̀ lẹ́yìn.

Láti orí wíwò ló ti bọ́ sórí àlàyé, láti orí àlàyé ló bọ́ sórí iyàn. Ó ń bá àwọn ọkùnrin tó ti bímọ jiyàn lórí ẹni tó lè na Ọ̀gá Ìjì. Ó tún ní kí ayàwòrán ya Ọ̀gá Ìjì sára pátákó ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Lèmọ́mù wa, Àlájì Tìrìmísíyù, ń kọjá, ó bèèrè pé ta lèyí. Síkírù ní oníbàárà òun kan ni. Bàlíkísù ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè nílé pé, "Bàbá Aneesah, ṣé ọmọ la bí ni, àbí ẹ̀yin la tún bí?"

Ìyà tó wà nínú rẹ̀ ni pé àsìkò Mọ̀gàríbì gan-an ni eré náà máa ń parí. Bí Ọ̀gá Ìjì bá ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè fún ìjà ìkẹyìn, oòrùn Mushin náà á máa wọ̀. Kò sí Àlàmísì kan tí Síkírù rí òpin. Á dìde, á máa fẹ̀yìn rìn jáde, á máa ṣépè fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lábẹ́ ahọ́n, á sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó dé mọ́ṣáláṣí. Sylvester, wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí kì í ṣe mùsùlùmí, ló máa ń jókòó wò ó tán.

"Sylvester, báwo ló ṣe parí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó na bọ̀ọ̀dá yẹn."

"Mo mọ̀ pé ó nà án. Báwo ló ṣe nà án?"

"Ó nà án well well. Wọ́n wá kọ orúkọ àwọn tó ṣe é."

Inú á bí Síkírù débi pé oúnjẹ alẹ́ kò ní lọ.

Nígbà tó yá, kò wo aago mọ́ ní Àlàmísì. Aago wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ráyè wẹ̀yìn? Ó ti mọ̀ pé bí Ọ̀gá Ìjì bá ti ká apá ẹ̀wù, àsìkò ti tó, kò sì tíì jásí irọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fi apá ẹ̀wù inú kátúùnù pe gbogbo àdúgbò wá kírun, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀.

Ààwẹ̀ dé ní ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n fagi lé ìbò. Eré náà sì ń lọ sópin. Wọ́n ní Àlàmísì tó ń bọ̀ ni Ọ̀gá Ìjì yóò ṣí aṣọ lójú, tí ìyá rẹ̀ yóò mọ ẹni tó ń pè ní ọ̀lẹ. Síkírù ò sinmi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ó rò ó pé kí òun bẹ Ṣàíbù, igbákejì òun, kó bá òun pe ìrun lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ojú Ṣàíbù ti wà lára ipò náà tipẹ́. Bí èèyàn bá yá a, gbígbà á padà á di ogun. Kí ni yóò tilẹ̀ sọ fún un pé òun fẹ́ lọ ṣe? Ó gbà pé òun yóò lọ pe ìrun òun. Bí òpin náà yóò bá bọ́, kó bọ́. Ọlọ́run ju kátúùnù lọ.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀run funfun bí ẹ̀kọ, a ò rí oòrùn. Síkírù ń fá orí bàbá kan tó lọ́rọ̀ lẹ́nu. Bó ṣe gbójú sókè báyìí, eré ti dé àárín. Ó bú bàbá náà nínú ikùn pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí òun mọ̀ pé eré ti bẹ̀rẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ti jẹ́ kí eré náà tètè bẹ̀rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni, torí pé ìjọba fẹ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Wọ́n kéde rẹ̀ lálẹ́ àná, ṣùgbọ́n kò sí iná ládùúgbò lálẹ́ àná.

Ọ̀gá Ìjì ká apá ẹ̀wù. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sí aṣọ ojú rẹ̀.

Síkírù dìde. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, àgbàlagbà.

Sylvester ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró small now, ó fẹ́ ṣí i."

"Àwọn èèyàn ń retí mi," ni Síkírù wí. Ó fi bàbá náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì irun, ó jáde láìwẹ̀yìn.

Ó pe ìrun lọ́jọ́ náà bí kò ṣe pè é rí, nítorí ó mọ ohun tó fi sílẹ̀ kó tó wá pè é. Gbogbo ojúlé gbé omi mu. Àwọn kan wo òkè, wọ́n rí i pé ilẹ̀ ò tíì ṣú tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọyẹ́ ni. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bàlíkísù mu ògì. Lèmọ́mù jẹ dàbínù. Wọ́n ti tò tán, Lèmọ́mù fẹ́ gbé ọwọ́ sókè kó bẹ̀rẹ̀ ìrun, nígbà tí mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ pe tirẹ̀. Ti Ìdí Orò tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni gbogbo Mushin gbà á.

Lèmọ́mù yíjú padà. "Síkírù, aago wo lo wò?"

Irọ́ kankan ò wá sí i lẹ́nu. "Bàbá, mi ò wo aago. Kátúùnù ni mo wò."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Lèmọ́mù, ó gbé e mì. Lèmọ́mù ní ààwẹ̀ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́, wọn yóò san án padà lẹ́yìn Ìtúnu. Ó ní kí Ṣàíbù bọ́ sí ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn títí ààwẹ̀ yóò fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn yóò tún wò ó.

Nígbà tí Síkírù padà dé ṣọ́ọ̀bù, Sylvester ṣì wà níbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti dúró. Ó parí tán, mo tún mu sígá, kí n tó máa gbọ́ ìrun àwọn mọ́ṣáláṣí tọ̀hún." Ó fẹ́ máa ròyìn bí Ọ̀gá Ìjì ṣe ṣí aṣọ lójú, Síkírù ní kó má sọ ọ́.

Ká ní ó dẹ́ṣẹ̀ ni, ì bá ti ṣe déédéé. Ká ní ó jókòó wo ìranù rẹ̀ tán kó tó rìn lọ jẹ́ẹ́, àsìkò ì bá tó gẹ́lẹ́. Ó fi í sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run, ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́. Ta lèèyàn ń fẹjọ́ irú èyí sùn? Inú bí i sí Sylvester, ó bí i sí ìjọba tó ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ó bí i sí bàbá onírun ìlàjì tó ṣì jókòó tó ń dúró dè é.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ìtìjú ò jẹ́ kó lọ sí mọ́ṣáláṣí ní ìrọ̀lẹ́. Ó jókòó sílé pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, bíi gbogbo èèyàn, ó sì tẹjú mọ́ aago. Àsìkò tó, ohùn Ṣàíbù kò jáde. Ẹ̀rù ń ba ìyẹn náà. Kò fẹ́ ṣìṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Síkírù dúró díẹ̀ sí i. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ.

"Ìyá Aneesah," ló wí, "mu omi. Ó ti tó."

Bàlíkísù wò ó. Ó rọra gbé ife tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ dúró lójú fèrèsé, ó ń tẹ́tí sí Ṣàíbù.