Ìbòjú Tí Ìyàwó Mẹ́tàdínlógún Ti Yá

Ìyá Ìbòjú ni gbogbo àdúgbò ń pe aránṣọ yìí. Ẹ má rò pé ó ń bojú o. Ojú rẹ̀ là kedere, ẹnu rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Aṣọ ìyàwó ló ń rán láti ọgbọ̀n ọdún, nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀ tó kún fún ègé aṣọ funfun. Ìbòjú tí òun fúnra rẹ̀ fi ṣe ìyàwó ló fún un lórúkọ náà: ìyàwó mẹ́tàdínlógún ló ti yá a.

Bí ọmọge bá dúró níwájú dígí, á kó píìnì sẹ́nu, á sì máa ṣàlàyé ohun tí ìyàwó gbọ́dọ̀ ní lára lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ohun àtijọ́ kan, kí ìyàwó má gbàgbé ilé tó ti wá. Ohun tuntun kan, nítorí ilé tó ń lọ. Òwú búlúù ní ìṣẹ́tí aṣọ, torí ìfẹ́ tí kì í yẹ̀. Ẹyọ owó kọ́bọ̀ kan nínú bàtà òsì, kí ìṣẹ́ má bá a délé.

"Ohun tí ẹ máa yá ńkọ́? Ọwọ́ ẹni tí ilé ọkọ tù lára ni kẹ́ ẹ ti yá a, kí oríire ẹ̀ lè ràn yín. Ẹ má lọ yá ti ẹni tí ọkọ kọ̀ o, àbí orí fífọ́ lẹ fẹ́ yá?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kì í parí aṣọ náà ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó. Á fi ibi tí kò ju ìka méjì lọ sílẹ̀ láìrán ní ìṣẹ́tí, di òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Aṣọ tó bá tètè parí, ayọ̀ tó tètè parí ni, bó ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà kó àpótí irinṣẹ́ àti rédíò. Ó ní òun ń lọ bá obìnrin kan, òun ò sì ní padà.

"Ó dáa," ni aránṣọ fèsì.

Ó fọ abọ́ tí ọkùnrin náà fi jẹun, ó dà á délẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ. Ó retí ẹkún, ẹkún ò dé. Ọkàn rẹ̀ dà bí apá tí èèyàn sùn lé: ó wà níbẹ̀, kò kàn mọ nǹkan kan lára ni. Ó sọ fún tará tọ̀rẹ́ pé ọkọ òun lọ ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, irọ́ náà ò tilẹ̀ nira lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ọmọ àbúrò rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ló ti kọ́ ìrìn, fẹ́ ṣègbéyàwó. Láti kékeré ló ti ń sọ pé ìbòjú náà lòun máa dé. Bí aránṣọ bá yá a, irọ́ ló fi bo ọmọ lórí. Bó bá sì sọ òótọ́, ó lè ba òwúrọ̀ ọmọ jẹ́.

Òwúrọ̀ náà dé. Ìyàwó gun àpótí ìjókòó, aṣọ wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

"Màmá, ìbòjú mi dà?"

Aránṣọ mú un wá, ṣùgbọ́n kò fi lé e lọ́wọ́.

"Má yá a. Ọkọ mi ò lọ síṣẹ́ kankan. Ó ti kó jáde láti oṣù mẹ́ta."

"Oṣù mẹ́ta! Ẹ sì ń rán aṣọ mi?"

"Aṣọ ò kúkú mọ̀."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

"Èmi náà ò mọ nǹkan kan lára. Ṣáà má yá a."

Omi lé ròrò sí ìyàwó lójú. Ó gba ìbòjú náà, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ aránṣọ mú, ó sì yọ irin kékeré tó wà lórí ìka rẹ̀, irin tí kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún un. Ó ti pẹ́ lára obìnrin náà débi pé ó máa ń gbàgbé rẹ̀ sọ́wọ́ jẹun.

"Èyí ni mo yá, Màmá. Ọwọ́ tó ń wọ̀ ọ́ ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí."

Ó tì í bọ àyà aṣọ rẹ̀.

Ibi ìka méjì náà ló kù. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó fi òwú búlúù sí abẹ́rẹ́, ó sì fi ìka lásán tì í. Abẹ́rẹ́ gún ìka rẹ̀ wọlé.

"Yéè!"

"Màmá, ṣó dùn yín?"

"Ó dùn mí," ló wí. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ó dùn mí gan-an."

Ẹkún oṣù mẹ́ta wá dé. Ó sun ún lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó na ìka náà jìnnà sí aṣọ funfun, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa kàn án.