Láti Àìlégùn dé Máfolúkù Lórí Sùkútà Tó Ń Kú Lọ́nà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí fìlà fún ọkùnrin Èkó tó bá lóṣòó níwájú ẹ̀rọ tó kú. Kò sí ọba tó lọ́lá tó o. Kì í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Á kàn ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè díẹ̀ ní orúnkún, á di ojú kan pọ̀, á sì dájọ́: “Plọ́ọ̀gì ni.” Adájọ́ a máa sún ẹjọ́ síwájú, dókítà a máa ní kí èèyàn lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá. Tirẹ̀ kì í gba ìyẹn. Inú ìyá rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n wá. Bí kò bá sí irú wọn nílùú, ta ni ì bá máa sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ wa fún wa, kí a tó wá mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ń ṣe é?

Ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin ará ilé ní Ìkirè kò jìn. Láti yàrá tí mo gbà ní Àìlégùn, ní ìhà Èjìgbò, dé Máfolúkù tó wà lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú, kò fi bẹ́ẹ̀ ju kí èèyàn lọ sí Àpòmù kó bọ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dára, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùndínlógójì lọ. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi rìn ín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Ṣadé, ló fa ìrìn àjò náà. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná kan tí wọ́n ti ń se oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wọ inú bàálù. Wọ́n wá fẹ́ yan alábòójútó kan láàárín àwọn tó ń fọ abọ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, wọ́n sì ní ẹni tí kò bá mú ojúlówó ìwé ẹ̀rí girama rẹ̀ dání kó má wulẹ̀ yọjú. Ọwọ́ mi ni ìwé ẹ̀rí Àǹtí wà, torí èmi ni mo bá a ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó ní òun máa wá gbà á nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, èmi tí mo ní ẹ̀rọ ni mo máa gbé e wá, aago méje àárọ̀ kò ní lù bá mi lọ́nà.

Ẹ̀rọ tí mò ń wí ni sùkútà. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí i, alùpùpù kékeré kan ni tí èèyàn ń jókòó sí bí ẹni jókòó sórí àga, tí ẹsẹ̀ méjèèjì á pàdé níwájú bíi ti ìyàwó tuntun. Mo de àpótí kan mọ́ ọn lẹ́yìn tí mo ń kó ìwé sí. Inú àpótí yìí ni mo tọ́jú ìwé ẹ̀rí Àǹtí sí.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo ti í jáde sí ojúde. Mo tẹ bọ́tìnì, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ ta á, mo ta á títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Ariwo yìí ló jí onílé wa, Bàbá Lánre, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu àti aṣọ tó ta kókó rẹ̀ sọ́rùn. Ní Ìkirè, bí ẹ̀rọ bá kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́, wọ́n á kọ́kọ́ kí i kú ewu, wọ́n á béèrè bóyá ó ti jẹun. Ní Èkó, ìdájọ́ ló ń ṣáájú ìkíni.

“Plọ́ọ̀gì ni,” Bàbá Lánre wí. “Ẹ káàárọ̀.”

Ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ ká wò ó bóyá pẹtiróòlù wà. Ó ṣí ìdérí táǹkì, ó ká ọ̀rá tó wà lẹ́nu rẹ̀ kúrò, ó fi iná fóònù wo inú, ó ní ó kún. Ó dá ọ̀rá padà síbi tó wà, ó sì dé e pa bí ọmọlúàbí. Lẹ́yìn náà ló wá tú plọ́ọ̀gì, ìyẹn irin kékeré tó ń ṣáná fún ẹ́ńjìnì. Ó fi etí aṣọ nù ún, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dá a padà. Mo tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ jí. Bàbá Lánre wo òkè bí ẹni tí wọ́n ń fi oyè dá lọ́lá, ó bi mí bóyá òun sọ ọ́ tàbí òun ò sọ ọ́. Mo ní wọ́n sọ ọ́.

Ojú ọ̀nà Àìlégùn ní àwọn kòtò tí àwọn ará àdúgbò mọ̀ lórúkọ. Mo ń yà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi kọjá Èjìgbò. Kí n tó dé afárá Òkè-Àfà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra bí ẹni tí oorun ń gbé lọ láàárín àdúrà. Ó kú. Aago mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Bí mo ṣe dúró síbẹ̀, obìnrin kan rí àpótí ẹ̀yìn mi, ó bi mí bóyá mo máa ń gbé kúlà ọbẹ̀ dé Ìyànà-Ìpájà. Mo jẹ́ kó yé e pé èmi kì í ṣe díspáàṣì tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù kiri, pé mo ka ìwé gboyè ní yunifásítì.

“Mi ò bi yín ní ìyẹn, ẹ̀gbọ́n,” ó dáhùn. “Ṣé ẹ máa ń gbé e ni?”

Múrí ló gbà mí. Ọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo sọ fún un pé onílé mi ti nu plọ́ọ̀gì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àgádágodo rẹ̀ mú.

“Lándílọ́ọ̀dù? Ọ̀gá mi, rẹ́ǹtì ni lándílọ́ọ̀dù mọ̀. Kabu yín ló dọ̀tí.”

Kabu ni agolo kékeré tí pẹtiróòlù àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí wọ́n tó wọ inú ẹ́ńjìnì. Múrí náà kọ́kọ́ wo táǹkì bóyá pẹtiróòlù wà, ó ká ọ̀rá, ó dá a padà, ó dé e. Ó wá tú kabu sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́ sórí ìwé ìròyìn, ó ń fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Èmi lọ ra àkàrà márùn-ún ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti búrẹ́dì. Àkàrà wọn fẹ́lẹ́, ó tóbi lójú ju tiwa lọ, àmọ́ afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí mo ti ń jẹ ẹ́ ni Àǹtí ti pè, ó béèrè ibi tí mo dé. Mo ní mo ti wọ Ìsọlọ̀. Ẹ má bínú sí mi. Ní Èkó, ibi tí èèyàn ń lọ ni wọ́n ń dárúkọ lórí fóònù, kì í ṣe ibi tó wà.

Aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni Múrí to kabu padà, ó sì gba ẹgbẹ̀ẹ́dógún náírà. Ẹ̀rọ jí ní ẹsẹ̀ kan. Ó ní bí mo bá padà délé kí n bá òun kí lándílọ́ọ̀dù.

Mo wọ Ìsọlọ̀ lóòótọ́, ara mi sì yá, torí irọ́ mi ti di òtítọ́. Bí mo ṣe ń ronú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ tún lọ́ra, tó kú níwájú ìsọ̀ rìwáyà kan. Rìwáyà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe. Eléyìí so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn, ó sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń pe ìmọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ.

“Kọ́ìlì ni,” ó wí. Kọ́ìlì ló ń gbé agbára iná wá fún plọ́ọ̀gì.

Mo ní wọ́n ti fọ kabu. Ó mí kanlẹ̀, ó ní wọ́n kàn jẹ owó mi ni. Ó bi mí ní iṣẹ́ tí mo kọ́. Mo ní físíìsì ni mo kà. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní ó yẹ kí n ti mọ kọ́ìlì nígbà náà. Mo mi orí bí ẹni tó ti ń fura sí kọ́ìlì látilé. Òun náà ṣí táǹkì, ó yọjú wò ó, ó dá ọ̀rá padà, kódà ó tẹ́ ẹ dáadáa ju bó ṣe bá a lọ. Ó pààrọ̀ wáyà kan, ó fi téèpù dúdú wé òmíràn. Ẹ̀rọ jí. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àǹtí ti pè lẹ́ẹ̀mẹrin, mi ò gbé e.

Mo gba abẹ́ Òṣòdì kọjá, mo yà sí ọ̀nà Máfolúkù, mò ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ tí kò fẹ́ jẹun. Ó gbọ́ títí dé ibì kan tí mo ti lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé Àǹtí ní ogún ìṣẹ́jú. Ó kú síbẹ̀. Aago mẹ́jọ ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ń ro bí màá ṣe fi í sílẹ̀ kí n máa sáré lọ, àmọ́ ìròyìn sùkútà tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Òṣòdì kì í gùn: wọ́n jí i gbé ni.

Obìnrin kan tó ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nínú ìgò jókòó sí ìtòsí. Ìyá Àlíà ni wọ́n ń pè é. Kò dájọ́ kankan. Ìbéèrè ló ń bi mí, òun sì lẹni àkọ́kọ́ láti àárọ̀ tó bi mí ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ náà.

“Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti kú?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ma.”

“Tó bá ti kú, kí ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe sí i?”

Mo ní wọ́n máa ń wò ó bóyá pẹtiróòlù wà, lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù á wá ṣe tirẹ̀. Ìyá Àlíà dìde, ó tẹ etí sí táǹkì, ó rọra yí ìdérí rẹ̀. A jọ gbọ́ ọ: ó ń mí sínú, fííí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ìrọ̀rí kúrò lójú rẹ̀. Ó fi ìka méjì mú ọ̀rá náà sókè.

“Eléyìí ni,” ó wí. “Ẹ ò tíì fún ọmọ ní fídà rí? Tí ìdérí fídà bá ti le jù, ọmọ á máa fà á, kò ní rí nǹkan mu. Tí ẹ bá tú u díẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, á tún rí i mu fúngbà díẹ̀.”

Ìyẹn ni pé láti ìdájí, táǹkì tí wọ́n ń ṣí láti yọjú wò ló ń wo ẹ̀rọ sàn. Bàbá Lánre, Múrí àti rìwáyà, ìwòsàn kan náà ni gbogbo wọn ṣe láìmọ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn dé àìsàn náà padà kí wọ́n tó dé orí plọ́ọ̀gì, kabu tàbí kọ́ìlì. Ọ̀rá kò ṣàjèjì sójú wọn. Láti ìgbà tí pẹtiróòlù ti wọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ọ̀rá dí ẹnu táǹkì kí oòrùn má baà fà á gbẹ. Èmi gan-an dí tèmi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lẹ́yìn tí mo rọ ọ́ kún. Ọ̀rá tó nípọn ni mo lò, mo sì ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Ní yunifásítì, mo ṣe ìdánwò odindi kan lórí ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe nínú ohun tí wọ́n bá dé pa. Mo yege gan-an.

Ìyá Àlíà bi mí ní ẹni tó fi ọ̀rá síbẹ̀. Mo ní ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún mi ni.

“Onítọ̀hún ò kàwé ni,” ó wí.

Mo ní kò kàwé.

Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ jí, kò sì kú mọ́. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo dé Máfolúkù. Àǹtí Ṣadé dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó mú bàtà dání kó lè ráyè sáré. Omijé ti gba ojú rẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò kú.

“Ìsọlọ̀ tí o ti wà láti aago mẹ́fà,” ó wí, “ṣé wọ́n ti fi ẹ́ jọba níbẹ̀ ni?”

Mo ní kó gòkè kí n gbé e lọ. Ó wo sùkútà náà látòkè délẹ̀, ó ní òun ò bá ẹnì kankan ti ẹ̀rọ lónìí. Ó já ìwé gbà, ó sáré lé kẹ̀kẹ́ Márúwá kan, ó lọ.

Mo jókòó sí yàrá rẹ̀ títí di aago kan ọ̀sán. Ó gbé ìrẹsì sílẹ̀ fún mi, mo jẹ ṣíbí méjì, mo dé e padà. Ọdún mẹ́sàn-án tó fi ọwọ́ bọ omi ọṣẹ ni mò ń rò, mo sì ń rò ó pé ì bá ti wá gba ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ nírọ̀lẹ́ àná, bí kì í bá ṣe pé mo fẹ́ kí àwọn ará ilé wọn rí mi lórí ẹ̀rọ.

Nígbà tó dé, ó kọ́kọ́ bọ́ bàtà, ó mu omi, ó wá jókòó. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù kí wọ́n ti ilẹ̀kùn nígbà tí òun wọlé. Wọ́n bi àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí fìríìjì ńlá bá dédé kú nígbà tí bàálù ń retí oúnjẹ. Ẹnì kan ní fíúsì ló máa jó. Ẹnì kan ní gáàsì rẹ̀ ló máa tán. Ẹnì kẹta ní òun máa tún un so fúnra òun.

“Mo ní mi ò mọ̀ nípa fìríìjì,” Àǹtí wí. “Mo ní màá kó oúnjẹ lọ sí ibi tó tutù, màá sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè.”

Mo jẹ ìrẹsì náà tán, mo sì bu òmíràn.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ ń dún kẹlẹkẹlẹ láti Òṣòdì dé Èjìgbò, mo sì ráyè ronú lórí ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi. “Mi ò mọ̀” kúrú lẹ́nu, àmọ́ ó ti gbé ẹ̀gbọ́n mi jìnnà ju ibi tí sùkútà lè gbé èèyàn dé. Mo pinnu pé màá máa sọ ọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Mo pinnu rẹ̀ tinútinú.

Nígbà tí mo wọ ọgbà wa ní Àìlégùn, Ìyá Tómi, aránṣọ tó gba yàrá iwájú, ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, kò sì jí. Bàbá Lánre wà níbẹ̀, ó ti ní plọ́ọ̀gì ni. Wọ́n yíjú sí mi. Mi ò tíì bọ́ akoto orí mi, mi ò tíì sún mọ́ ẹ̀rọ náà, mi ò tíì rí kọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ sójú rí láyé mi.

Mo ní kọ́ìlì ni.