Ọdún Tí A Lé Epo Pupa Kúrò Nílé

Láàárọ̀ Sátidé, òórùn epo pupa ló máa ń jí mi. Yóò gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú òórùn ẹja yíyan àti ata tó ń hó, yóò bá èmi àti Dàpọ̀, àbúrò mi, lórí ẹní, a ó sì ti mọ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ ti fẹ́ gorí iná. Bí mo bá jáde sẹ́yìnkùlé, Bàámi ni mo máa kọ́kọ́ rí. Wọ́n á wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n á jókòó sórí àpótí kékeré, wọ́n á máa rin ewùrà sínú abọ́ ńlá, ọwọ́ wọn á funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Hẹdimásítà ni wọ́n ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ewùrà yẹn, wọn kì í gbà kí ẹlòmíràn ṣe é. "Ọwọ́ yín yá jù," ni wọ́n máa ń sọ. "Ẹ ń rin ín bí ẹni tí ajá ń lé."

Àdúgbò Pòrògùn nínú ìlú náà là ń gbé nígbà náà, láàárín àwọn ọdún 1980. Màámi ń ránṣọ ní ìta iwájú ilé. Ewùrà tí à ń jẹ, láti Ìmùṣin ló ti ń wá. Ìyá Bàámi ló ń gbìn ín, àwa ọmọ ń pè wọ́n ní Ìyá Ìmùṣin. Lọ́sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ wá, wọ́n á gbé ewùrà sínú àpò, wọ́n á gbé epo tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sè sínú kẹ́ẹ̀gì. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, Bàámi nìkan ló kù. Bí wọ́n bá ti dé, wọ́n á kọ́kọ́ wo ọrùn ọmọ wọn, wọ́n á wo apá rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ẹran ọ̀sìn, wọ́n á wá jókòó.

Ọjọ́ Ajé kan ni nǹkan yí padà. Mo wà ní kíláàsì karùn-ún, ilé ìwé Bàámi náà sì ni mò ń lọ. A tò sí gbàgede láàárọ̀, Bàámi ń bá wa sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń pẹ́ dé, ni ohùn wọn bá wúwo lójijì bí ẹni pé oúnjẹ wà lẹ́nu wọn. Wọ́n di òpó àsíá mú, wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tí Màámi lọ̀ láàárọ̀ yẹn. Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín kí n tó rí ojú wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Dókítà tó tọ́jú wọn nílé ìwòsàn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ó mọ́ tónítóní, ó sì ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kí Bàámi máa lo oògùn láràárọ̀, kí wọ́n má ṣe fò ó lọ́jọ́ kan. Ó ní kí iyọ̀ dín kù. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka oúnjẹ: kò gbọdọ̀ sí epo pupa mọ́, kò gbọdọ̀ sí ẹyin, kò gbọdọ̀ sí ẹran ọlọ́ràá. Òróró ni kí Màámi máa fi se ọbẹ̀, bọ́tà inú agolo ló sì dára láti fi jẹ búrẹ́dì. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí a délé, Màámi gbé ìwé náà fún mi nítorí òyìnbó wọn kò jinlẹ̀. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà sí Yorùbá pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, mo fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. "Ìwọ lo máa bá mi ṣọ́ ọ o," ni Màámi wí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Kò tíì sí iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ tó dà bí iṣẹ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Màámi gbé kẹ́ẹ̀gì epo fún aládùúgbò. Adìẹ mẹ́ta tó ń yé fún wa náà bá a lọ. Ẹ̀wà wa di funfun, ẹ̀fọ́ wa di nǹkan tútù tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òróró. Kí Bàámi má bàa rò pé àwọn nìkan ló ń jìyà, Màámi ní ìkòkò kan náà ni gbogbo wa yóò máa jẹ, nítorí náà kò sí ìkọ́kọrẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi ni mò ń se oúnjẹ àárọ̀ Bàámi kí a tó lọ sílé ìwé. Màá gé búrẹ́dì, màá fi ọ̀bẹ lẹ bọ́tà mọ́ ọn nípọn nípọn, nítorí dókítà ti ní ó dára. Mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni àlàáfíà wọn yóò ṣe pọ̀ tó.

Bàámi ò ráhùn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé, wọ́n ṣì máa ń jáde sẹ́yìnkùlé, wọ́n á jókòó sórí àpótí yẹn, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Wọ́n ń rù, kọ́là ẹ̀wù wọn ń fẹ̀ sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí èmi pẹ̀lú wọn nìkan wà nílé, òórùn ọbẹ̀ aládùúgbò gba orí ògiri wá. Wọ́n pè mí. "Fọlákẹ́, lọ bá mi tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣíbí méjì péré."

"Dókítà ní rárá, sà," ni mo dáhùn.

Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó dáa, nọ́ọ̀sì mi." Inú mi dùn sí orúkọ yẹn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

A ti ránṣẹ́ sí Ìyá Ìmùṣin pé ara ọmọ wọn ò yá, wọ́n sì ti wá wò ó nílé ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oúnjẹ fún wọn. Iṣẹ́ oko ò jẹ́ kí wọ́n tún yọjú sí wa láti ìgbà náà, àfi Sátidé kan tí wọ́n wọlé dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Màámi ti lọ sí ọjà Òkè-Ajé, Dàpọ̀ bá wọn lọ, Bàámi sùn nínú yàrá. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá gbé abọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì dání, abọ́ náà wúwo, ó sì gbóná. Kò dìgbà tí wọ́n ṣí i kí n tó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Ìyá, Bàámi ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́," ni mo wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Dókítà ni, mà. Epo wà nínú ẹ̀."

"Àbẹ̀ní." Oríkì mi ni wọ́n fi ń pè mí. "Èmi ni mo bí ọma yìí. Kò tíì léyín tí mo ti ń fún un lóúnjẹ. Dókítà yẹn, níbo ló wà nígbà náà?"

Bí mo bá ti dákẹ́ níbẹ̀, bóyá nǹkan ì bá rí bákan mìíràn. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ̀mí Bàámi ló wà lọ́wọ́ mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Epo yín ló fẹ́ pa wọ́n, mà."

Ìyá ò bú mi. Wọ́n tún aṣọ tí wọ́n fi di abọ́ náà so, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tú. Wọ́n yíjú padà, wọ́n sì ń lọ. Wọn ò jókòó, wọn ò mu omi. Oòrùn ti mú, ọ̀nà gáréèjì kò sì súnmọ́.

Bàámi jáde lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, aṣọ ìbora ṣì wà léjìká wọn. "Ṣé ohùn Ìyá ni mo gbọ́ yẹn?"

"Wọ́n ti lọ, sà. Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, mo dá a padà."

Bàámi di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n ń wo òpópónà. "O ṣe ohun tí wọ́n ní kó o ṣe," ni wọ́n wí, wọ́n padà sínú yàrá. Ìyìn ni mo pè é.

Nígbà tí Màámi gbọ́, wọ́n jókòó ti máṣíìnì wọn, wọn ò ránṣọ. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n lọ sí Ìmùṣin lọ bẹ ìyá ọkọ wọn. Ìyá ní àwọn ò bínú. Wọ́n fún Màámi ní àga, wọ́n fún wọn lómi, wọ́n béèrè àlàáfíà wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọn ò wá sí Pòrògùn mọ́.

Nínú ọyẹ́ ọdún yẹn, lẹ́yìn tí agogo ìgbà oúnjẹ lù, Bàámi tún ṣubú nínú ọ́fíìsì wọn. Mo wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí atẹ́gùn lè wọlé. Àwọn tíṣà gbé wọn sínú ọkọ̀, bàtà wọn kan já bọ́, kò sẹ́ni tó padà mú un. Èmi ni mo mú un. Mo mú un dání títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n wá sọ fún wa pé Bàámi ò dé ilé ìwòsàn láàyè.

Ìyá Ìmùṣin wá nígbà náà. Wọ́n jókòó sórí ẹní nínú yàrá Màámi, wọn ò sunkún lójú wa. Nígbà tí mo gbé omi lọ fún wọn, wọ́n gbà á, wọ́n sì béèrè pé, "Àbẹ̀ní, kí ló jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

"Búrẹ́dì àti bọ́tà, mà. Àti tíì tí kò ní ṣúgà."

"Búrẹ́dì," ni wọ́n wí. Wọn ò mu omi náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin tó jẹ́ igbákejì Bàámi nílé ìwé kó ẹrù wọn wá fún wa nínú páálí. Gègé wà níbẹ̀, rúlà, àti ìgò oògùn mẹ́ta tó kún, tí wọ́n fi ìwé àjákọ wé. Màámi gbé ìgò kan sókè, wọ́n mì ín. Obìnrin náà sọ pé òun ti bá wọn sọ̀rọ̀ títí. Oògùn yẹn ń mú kí òòyì máa kọ́ wọn, kì í jẹ́ kí wọ́n lè dúró níwájú kíláàsì. Bàámi dá a lóhùn pé, "Ṣé ẹ rí bí mo ṣe ń jẹun? Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tí wọn ò gbà lọ́wọ́ mi. Kí ni mo tún fẹ́ fi oògùn ṣe?" Wọ́n á mú un jáde nílé láràárọ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ lò ó, wọ́n á lọ tì í mọ́nú dúrọ́ọ̀.

Màámi gbé ìgò náà sílẹ̀. "Ìkòkò la wá ń ṣọ́," ni wọ́n wí.

Ìyá Ìmùṣin gbé ọdún méjì sí i láyé. Mo lọ kí wọn lẹ́ẹ̀kan ní ìsinmi Àjíǹde, mo ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ nínú ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. Mo jẹun, wọ́n ń wò mí. Wọ́n béèrè bóyá ó tó, mo ní ó tó, mo sì wọ ọkọ̀ padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà nínú mi.

Abẹ́òkúta ni mò ń gbé báyìí. Mo ti fi ọdún mẹ́rin ju ọjọ́ orí tí Bàámi ní nígbà tí wọ́n kú lọ, èmi náà ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà mi jẹ́ ọmọbìnrin tí mo lè bí lọ́mọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ bá a, mo ka gbogbo òfin inú ilé wa fún un, bí ọmọ tó ń ka ẹsẹ Bíbélì sórí. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó wá ní, "Ẹ lè jẹ ẹyin, mà. Ẹ lè jẹ epo pupa náà, bó bá ti mọ níwọ̀n. Bọ́tà inú agolo ti ayé ìgbà yẹn gan-an ló ń ṣe ọkàn léṣe, àwa náà ò tètè mọ̀."

Mo béèrè ohun tó kù. Ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì máa lo oògùn mi láràárọ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ mi, kí n wá sọ, yóò pa á dà. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń ronú pé nínú gbogbo ohun tí dókítà Bàámi sọ, èyí tí wọ́n wá yí padà la dì mú gírígírí, èyí tí kò yí títí dòní ló bọ́ lọ́wọ́ wa.

"Bí Bàámi bá ti jẹ oúnjẹ ìyá wọn," ni mo bi í, "tí wọ́n sì lo oògùn wọn ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó lè mọ̀, mà," ló dáhùn. "Ohun tí mò ń sọ fún yín yìí náà, wọ́n lè tún un ṣe lọ́la."

Dàpọ̀ ní ìdí nìyẹn tí òun ò fi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà, ó ní irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Dókítà àkọ́kọ́ yẹn ò parọ́ fún wa, ohun tó mọ̀ ló sọ. Mò ń lo oògùn mi, mò ń jẹ ohun tí ọmọbìnrin yìí ní kí n jẹ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dá mi lójú bí nǹkan ṣe dá mi lójú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ọmọ yẹn ò lè mọ irú ènìyàn tí mo dà, ẹni tó ń tẹ̀ lé ìmọ̀ràn tí kò sì lè búra sí i. Bó bá bi mí pé èwo gan-an ni òótọ́, màá kàn ní kó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kó sáré tẹ̀ lé ìyá àgbà yẹn, kí ọkọ̀ Ìmùṣin tó kún.