Ẹ̀jẹ́ tí Bàbá Gbọnin Jẹ́ Nítorí Júdò

Bí ìbẹ̀rù bá yá ẹnu ènìyàn lò, tó fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú Ọlọ́run, ta ni yóò san ẹ̀jẹ́ náà? Mo ti bi ara mi títí. Mo ti bi Ọlọ́run náà lórí ìkúnlẹ̀, n kò tíì gbọ́ èsì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aládùúgbò mi tó kó mi sínú ìbéèrè yìí, alágbàfọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Gbọnin.

Ìsọ̀ rẹ̀ àti ìsọ̀ mi fara ti ara wọn, ògiri pákó kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Èmi ń tún bàtà ṣe, òun ń fọ aṣọ, ó ń lọ aṣọ. Bí mo bá ń kan ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ bàtà lọ́dọ̀ tèmi, áyọ́ọ̀nù rẹ̀ á máa mí hìì, hìì lọ́dọ̀ tirẹ̀. Sítáàṣì ló sọ ọ́ lórúkọ. Ṣòkòtò tí ọkùnrin yìí bá fi sítáàṣì sí, bí ẹ bá gbé e nàró, á dúró gbọnin láìsí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. A máa sọ pé, "Aṣọ la fi ń bo àṣírí. Èyí tó bá ti rún, òfófó ló ń ṣe."

Ọmọbìnrin méjì ni ìyàwó rẹ̀ bí fún un. Ilé búrẹ́dì ni ìyàwó náà ti ń ṣiṣẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jáde, nítorí náà ìsọ̀ bàbá wọn ni àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀. Àbúrò kúrú, ó sì sọ tirẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wà ní kékeré, ó fò láti orí tábìlì ìlọṣọ, apá rẹ̀ sì kán. Èmi ni alàgbà ìjọ wa tó wà nítòsí, èmi náà ni mo gbọ́wọ́ lé báńdéèjì tí wọ́n fi dì í tí mo gbàdúrà kí apá náà tọ́ bí ọ̀pá. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ìgúnpá ọmọ náà wọ́ díẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí ọmọ yẹn bá ṣí ìwé orin, mo ń rí ìgúnpá náà. Mo ṣì ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn o. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, mo máa ń di ojú mi pinpin bí mo bá ń ṣe é.

Ti bàbá rẹ̀ wá ju tèmi lọ. "Rọra!" di orúkọ kejì fún ọmọ náà. Bó bá fẹ́ gun àga, rọra. Bó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, rọra. Nígbà tó yá, ọmọ tó ga bẹ́ẹ̀ wá ń tẹ orí ba kiri, bí ẹni tó ń gbé lábẹ́ àjà tí kò ga tó o.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan dé ìsọ̀ Bàbá Gbọnin pẹ̀lú ìdì aṣọ funfun kan tó nípọn bí àpò. Tíṣà júdò ni, gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ilé ìwé ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó wo ẹ̀gbọ́n láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, bàbá."

"Kí wọ́n wá ṣe kí ni? Kí wọ́n máa gbé ara wọn ṣánlẹ̀?"

"Kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú ni, sà."

"Tíṣà, ilé mi kò wá tíṣà ìṣubú. Ìyẹn ò nílò ìwé."

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Obìnrin yẹn kì í pariwo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí ìyẹ̀fun tó ti wú. Ó ní, "Ọmọ tí a kò jẹ́ kó ṣubú rí, ìgbà wo ni yóò mọ ìdìde? Wọ́n ń lọ." Wọ́n sì lọ.

Bàbá Gbọnin wá sọ́dọ̀ mi. "Alàgbà, wọ́n ní wọ́n ń tẹríba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi lọ wò ó. Ta ni wọ́n ń tẹríba fún?"

Mo lọ. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, èmi oníbàtà. Ẹní tó nípọn ló tẹ́ gbọ̀ngàn náà láti ògiri dé ògiri. Mo bi tíṣà léèrè. Ó ní, "Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bá jà lẹ̀ ń tẹríba fún, alàgbà. Torí pé bí kò bá gbà fún yín láti gbé e ṣánlẹ̀, ẹ ò lè kọ́ nǹkan kan." Mo rò ó délé. Mo sọ fún bàbá wọn pé kò sí òrìṣà níbẹ̀. N kò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ obìnrin náà wọ̀ mí lára ju ìwàásù ọ̀sẹ̀ yẹn lọ.

Ìṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ lóòótọ́. Ẹ ká orí mọ́ àyà, ẹ fi apá gbá ẹní, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gba ara yín lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò sọ ìdì aṣọ ìdọ̀tí inú ìsọ̀ di ẹní júdò.

"Dádì, ẹ wò mí!" Gbì!

"Aṣọ oníbàárà ni o!"

"Ẹ ṣáà fẹ́ fọ̀ ọ́ ni!" Gbì!

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe tirẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń gbé sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí wọ́n ti ká òrùlé kúrò lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan fẹ́ gba ẹ̀yìn gbé aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ọmọ náà dúró síwájú rẹ̀, ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Bàbá Gbọnin yọjú sí mi lórí ògiri pákó: "Alàgbà, ẹ gbọ́ ọmọ yẹn? Àbí etí mi ni?"

Síbẹ̀, Bàbá Gbọnin kò wọ gbọ̀ngàn náà rí. Ìta ló ń dúró sí, á kẹ́yìn sí fèrèsé, á máa ka èèrà lórí ògiri. Gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ gbì nínú ilé, èjìká rẹ̀ á sún sókè.

Ìdíje wá dé, ọmọ gbọ̀ngàn tiwa pẹ̀lú ọmọ gbọ̀ngàn mìíràn. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n. Ní ìpàdé àdúrà, Bàbá Gbọnin dìde gbọnin lójú gbogbo ìjọ, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Olúwa, mo jẹ́ ẹ̀jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọmọ mi ṣubú lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé Ìwọ kò fẹ́ ẹ nìyẹn. Màá yọ àwọn méjèèjì kúrò, wọn kò ní tẹ ẹní yẹn mọ́ láé."

Ìjọ ṣe àmín. Ọmọ náà jókòó láàárín wa, ó gbọ́.

Bí a ṣe ń lọ sílé, ó sọ̀rọ̀. "Bàbá mi, kò sí júdò tí kò ní ìṣubú."

"Ẹ̀jẹ́ ti jáde lẹ́nu, ọmọ mi."

"Dádì, ẹ gbé e mì padà!" Àbúrò nìyẹn.

"Pa ẹnu ẹ mọ́ ńbẹ̀ yẹn."

Ọ̀rọ̀ ti di bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọrùn rẹ̀ nà gbọ́dọ̀ lọ jà láìṣubú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó padà sábẹ́ rọra.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ìdíje, mo gbóòórùn sítáàṣì láti ìsọ̀ kejì. Bàbá Gbọnin ń fi gbogbo ìfẹ́ tó ní lọ ẹ̀wù júdò ọmọ rẹ̀. Ọmọ alágbàfọ̀ kò ní rún lójú ayé. Nígbà tó ṣe tán, ó gbé e lé orí tábìlì, ẹ̀wù náà dúró fúnra rẹ̀, ó nawọ́ méjèèjì síta bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ wa.

Ní gbọ̀ngàn ìdíje, ọkùnrin tó ń yẹ aṣọ wò fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀wù náà, ó yára fa ọwọ́ padà.

"Kí lèyí? Ṣé pákó lẹ rán ni?"

"Sítáàṣì ni, sà," ni Bàbá Gbọnin wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ojúlówó."

"Bàbá, aṣọ la fi ń di ara ẹni mú nínú júdò. Ta ló lè di èyí mú? Kò lè wọ̀ ọ́ jà. Kó pààrọ̀, tàbí kó lọ sílé."

Mo rí ojú Bàbá Gbọnin. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó fi ń bọ́ ọmọ ló fẹ́ dá ọmọ padà. Ìyá àwọn ọmọ kàn wò ó, ìyẹn sì burú jù. Ẹ̀wù àbúrò kò lè bo ẹ̀gbọ́n dé ìdodo. Bí a ti dúró tí a ń wo ara wa, kóòṣì àwọn tí a fẹ́ bá díje gan-an ló ṣí àpò rẹ̀, ó fa ẹ̀wù ògbólógbòó kan yọ, ó rún bí ojú arúgbó.

"Kó wọ èyí. A ò wá síbí láti borí nítorí aṣọ."

Ọmọ náà wọ̀ ọ́. Ó fi àmùrè dì í, ó mí kanlẹ̀. Ó wá gbé ẹ̀wù gbọnin náà lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. "Bàbá mi, ẹ bá mi dì í mú. Ẹ má jáde o."

Bó ṣe di pé Bàbá Gbọnin wo ìjà ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀wù ọwọ́ rẹ̀ kò ṣeé ká, kò ṣeé pọn. Ó kàn gbé e dání bí ẹni tó gbé ọmọ mìíràn dání.

Ọmọ tí wọ́n mú wá pàdé rẹ̀ ní èjìká bí ilẹ̀kùn. Wọ́n tẹríba fún ara wọn. Wọ́n di aṣọ ara wọn mú. Wọ́n ti, wọ́n fà, wọ́n yí. Mo ń gbàdúrà, mo sì di ojú mi pinpin. Mo wá rántí ìgúnpá yẹn, mo sì la ojú. Ojú mi là, ọmọ wa sì gbéra nílẹ̀. GBÌ!

Ẹ̀gbẹ́ ló fi lulẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn tí í parí ìjà, wọ́n sì fún ẹnìkejì ní máàkì, ṣùgbọ́n ìjà kò tíì parí. Ní ti ẹ̀jẹ́, ó ti parí. Ó ṣubú. Bàbá Gbọnin la ẹnu, mo sì mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà tó ti ń sọ láti ọjọ́ tí apá ti kán ni.

Ọmọ náà ti dìde. Ó tún àmùrè rẹ̀ ṣe, ó wo bàbá rẹ̀ lójú kòrókòró, ó sì rẹ́rìn-ín! Ẹ gbà mí gbọ́, ọmọ tó ṣubú tó rẹ́rìn-ín.

"Má rọra!" ni bàbá rẹ̀ ké. "Ọmọ mi, má rọra mọ́! Dì í mú!"

Ọmọ náà ya wọ inú ìjà. Apá tó wọ́ yẹn ló fi há ẹnìkejì lábíyá, ìgúnpá náà sì bọ́ síbẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bọ́ sójú ihò rẹ̀. Ó yí ìdí, ó tẹ̀, ó fi èjìká gbé ilẹ̀kùn yẹn kọjá, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ̀yìn pátápátá. Rẹfirí na ọwọ́ sókè réré. Ó parí!

Ìyá wọn tí kì í pariwo pariwo. Àbúrò ń fò lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá Gbọnin ju ẹ̀wù sítáàṣì nù, ó sáré gun orí ẹní tòun ti bàtà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gìgísẹ̀ rẹ̀ ṣe.

"Bàtà! Bàbá, bàtà!" ni tíṣà ń ké.

Kò gbọ́. Ó ti gbá ọmọ mọ́ra nínú ẹ̀wù tó rún. Ọmọ náà, ẹkún ló ń sun, ó sì fi ọwọ́ bàbá rẹ̀ nu ojú. Ní ti ìgúnpá yẹn, n kò mọ̀ bóyá àdúrà mi kò gbà ni, tàbí ó gbà lọ́nà tí n kò bèèrè. N kò ní purọ́ fún yín pé mo mọ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi, Bàbá Gbọnin dìde nínú ìjọ. Gbogbo wa mọ ohun tó kàn.

"Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ níbí. Ẹ ṣe àmín sí i. Wọ́n gbé ọmọ mi ṣubú, mo fojú mi rí i." Ó yí ojú sí àwọn ọmọ rẹ̀. "N kò ní san án. Ọlọ́run mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló lo ẹnu mi. Bí ìyà bá wà níbẹ̀, kó jẹ́ tèmi, kì í ṣe tàwọn ọmọ. Ọ̀la ni wọ́n ń padà sórí ẹní."

Àwọn àgbà ń wo ojú mi, torí èmi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí a ń kọ́ ọmọdé nípa ẹ̀jẹ́. Mo dìde, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni.

"ÀMÍN!" Àbúrò ni, láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín bú, àmín sì tẹ̀lé e, àmín tó ga ju ti ọjọ́ ẹ̀jẹ́ lọ. Èmi náà ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ bàtà nígbà tí aládùúgbò mi wọlé. Kò gba orí ògiri sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀wù júdò méjì ńlá ló gbé sápá, rírọ̀, tí áyọ́ọ̀nù kò kàn.

"Alàgbà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan."

"Ẹ̀bẹ̀ kí ni?"

"Tíṣà ti gbà láti kọ́ mi bí a ṣe ń ṣubú. Ṣùgbọ́n ó ní n kò lè dá a kọ́, àfi kí n mú ẹni tí ọjọ́ orí wa jọra, tí a sì jọ wúwo, wá." Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, bí tíṣà ṣe wo ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó gbé ẹ̀wù kan lé tábìlì mi. Kò dúró gbọnin, ó kàn wó sílẹ̀ wẹ́rẹ́. "Mo mọ̀ pé àgbà ìjọ ni yín. Ẹ jọ̀ọ́, alàgbà, ẹ wá bá mi ṣubú."