Ohun Tí A Kì í Sọ Fún Aboyún

Mo ṣì kéré, n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, nígbà tí ìyá mi lọ bímọ ní ilé ìwòsàn ìjọ, tí kò sì padà wálé. Abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí àbúrò mi, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé bó bá tún lóyún, kó má ṣe bímọ níbi tí kò bá ti sí dókítà. Ó gbọ́ràn. Ó ti wà ní ilé ìwòsàn kí ọmọ tó mú un. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló rọbí, dókítà kan ṣoṣo tí wọ́n ní sì ti lọ sí ìlú kejì.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, oúnjẹ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo rántí ọbẹ̀ ilá tó ti tutù, àti nọ́ọ̀sì tó ń jáde wá wo títì, tó ń wọlé, tó tún ń jáde. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé mọ́tò dókítà ló ń retí. Ojú abẹ àkọ́kọ́ ló ya nínú ìyá mi. Ṣùgbọ́n nílé wa, wọ́n ní ibà ló pa á, torí àwọn aboyún wà nínú agbo ilé, a kì í sì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sétí aboyún.

Mo dàgbà, mo di ará Manchester, mo sì gbé irọ́ ibà yẹn dání wá. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní àdúgbò Hulme níbẹ̀ lóyún ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun fẹ́ bí i láìsí abẹ, pé ti àkọ́kọ́ ti tó òun. Ọ̀rọ̀ ìyá mi dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Àwọn ará ìjọ gbàdúrà pé ọ̀bẹ kò ní kàn án mọ́, àmín tèmi ló ròkè jù. Ohun kan péré ni mo bi í: ṣé dókítà á wà níbẹ̀?

"Ẹ má worry, Mummy. Manchester la wà yìí. Doctor ò lè ṣaláì sí."

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni kò ní gbà, nínú ilé ìwòsàn ńlá tí iná kì í kú?

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló rọbí. Agbẹ̀bí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí ọkàn ọmọ inú bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, kíá ló ké sí àwọn dókítà. Dókítà tó lè ṣiṣẹ́ abẹ ń ṣe ti obìnrin mìíràn lọ́wọ́. Ilé ni wọ́n ti pe ọ̀gá rẹ̀, wọ́n ní ó ti ń bọ̀ lọ́nà. Agbẹ̀bí jáde wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọlé, ó tún jáde, bí nọ́ọ̀sì ọjọ́sí gẹ́lẹ́.

Wọ́n rí ọmọ mi gbà là. Ojú abẹ tirẹ̀ náà ló ya: ọmọ inú rẹ̀ kú, wọ́n sì yọ ilé ọmọ rẹ̀.

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Láyé ìyá mi, dókítà wà ní ìlú kejì. Lónìí, ilẹ̀kùn kan péré ló wà láàárín àwa àti dókítà. Èmi ni n kò yí padà. Ní báyìí, bí mo bá rí aboyún tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí nínú ìjọ wa, mo máa ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n ní kó bèèrè dókítà tó máa wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bí ọwọ́ ẹni yẹn bá sì dí, ta ló kù. Àwọn kan ń bínú pé mo ń sọ̀rọ̀ burúkú sí oyún. Kí wọ́n máa bínú.

Ọmọ mi kò bínú. Lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé ìwòsàn ni mo ti sọ ohun tó pa ìyá mi fún un. "Mummy," ló wí, "ká ní ẹ ti sọ fún mi ni, ǹ bá ti ní kí wọ́n gé mi."